Akọ̀wé Kì Í Jẹ̀bi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ kan fi jẹ mí lọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹnu èmi fúnra mi ló sì ti jáde: "Ó dáa."

Mo jẹ́ olùdámọ̀ràn fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń fi ìṣàkóso ẹgbẹ́ tiwọn kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìjọba. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan wà láàárín wọn. Òun ló kọ òfin ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ iye tó wà lápò ẹgbẹ́ ju akápò lọ. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni méjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e lọ kó tó dé etí mi. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yan alága, ẹnì kan dárúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Inú mi dùn. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé ó rún, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n ṣe akọ̀wé, mà."

Mo ní, "Ó dáa." Kó tó jókòó padà, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ipò akọ̀wé. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì wá sípàdé ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ nawọ́ sókè pé òun á ṣe alága. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, a sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Pé ó kọ̀ kọ́ ló dùn mí. Gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ipò. Ohun tó dùn mí ni bí mo ṣe yára gbà. Mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní ọkùnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti ṣe é rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin ọdún 16 kan kọ ipò yìí kan náà. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bá a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Mo ní, "Ìwọ ni gbogbo wọn ń wò. Gbìyànjú ẹ̀ wò ná." Ó gbà, ó sì ṣe é dáadáa. Ti ọmọbìnrin yìí, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin. Èmi tí mo ti dúró níwájú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí mo sì sọ fún wọn pé kò sí ipò tí wọn kò lè dé.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé ńṣe ni mo bọ̀wọ̀ fún ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún èèyàn á béèrè ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò béèrè nǹkan kan.

Pẹ́ńsù àti bíírò

Nígbà tí n kò lè gbé e mọ́ra mọ́, mo dúró dè é lẹ́yìn ìpàdé. Àwọn yòókù ti lọ. Ó jókòó sí ìdí tábìlì, ó ń parí àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà. Mo fa àga kan sún mọ́ ọn, mo sì bi í pé kí ló dé tó kọ ipò alága lọ́jọ́ sí.

Kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yí ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Àǹtí, ẹ wò ó. Pẹ́ńsù ni mo kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́. Tí mo bá ṣì í kọ, mo máa pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá ti dá mi lójú ni mo máa wá fi bíírò kọ ọ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Alága ò ní irú ẹ̀. Tó bá ti ṣàṣìṣe, ojú gbogbo èèyàn ló ti ṣe é. Akọ̀wé kì í jẹ̀bi."

Mo wo ojú ìwé náà. Níbì kan láàárín rẹ̀, ó ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ìwé ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó kù díẹ̀ kó lu. Ọ̀rọ̀ tó wá fi bíírò kọ síbẹ̀ gún régé. Ẹni tí kò bá fojú sí i dáadáa kò ní mọ̀ pé wàhálà kankan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

Mo ti múra sílẹ̀ de ìdáhùn mìíràn. Mo rò pé á ní ipò alága wà fún ọkùnrin, tàbí pé àwọn òbí òun kò ní fẹ́. Kò sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ó mọ̀ pé obìnrin lè ṣe olórí. Ó mọ orúkọ àwọn tó ti ṣe é. Ohun tí kò rò pé òun lè rù ni àṣìṣe tí gbogbo ayé ń wò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó bi ara mi pé ta ni ọmọ ọ̀hún ń rí níwájú? Àwa ni. Ojú wa ló ń wò. Bí ọmọkùnrin ọdún 15 bá kọsẹ̀ lórí àga alága, a ó rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó ní ó ń kọ́ṣẹ́. Bí ọmọbìnrin bá kọsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú wa á lọ sílẹ̀, àánú rẹ̀ á ṣe wá, a ó sì yára wá ẹlòmíràn tí yóò "ràn án lọ́wọ́." Àṣìṣe ọkùnrin, tirẹ̀ nìkan ni. Ti obìnrin, orí gbogbo obìnrin ni wọ́n ń dì í rù. Ọmọ tó gbọ́n yóò ti rí èyí kó tó pé ọdún 15, yóò sì wá ibi tí pẹ́ńsù wà lọ jókòó sí.

Ìgbà kejì

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Lọ́dún 1993, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin orílẹ̀-èdè náà fìdí múlẹ̀ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ipò olórí ìgbìmọ̀ abúlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti obìnrin. Ní ìpínlẹ̀ West Bengal, àwọn abúlé kọ́ ló yan ara wọn láti ní olórí obìnrin. Ńṣe ni wọ́n mú wọn bí ẹni ṣẹ́ kèké. Èyí fún àwọn onímọ̀ láǹfààní láti fi abúlé wé abúlé. Lori Beaman, Esther Duflo, Rohini Pande àti Petia Topalova lọ sí abúlé 495, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ ọdún 11 sí 15 àti àwọn òbí wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012.

Ní àwọn abúlé tí obìnrin ti jẹ olórí nígbà méjì tẹ̀ léra, àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọmọkùnrin ń lépa àti ohun tí ọmọbìnrin ń lépa fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́kàn àwọn ọmọ náà. Àlàfo tó wà láàárín wọn nínú ìwé kíkà pòórá pátápátá. Àní iṣẹ́ ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe lójúmọ́ dín kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wo ọ̀rọ̀ yẹn: nígbà méjì. Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní West Bengal yìí kan náà fi hàn pé nígbà tí obìnrin kọ́kọ́ jẹ olórí, àwọn ará abúlé fojú kéré iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò burú ju ti ọkùnrin lọ. Nígbà kejì, ìfojúkéré yẹn ti kúrò. Bí èmi ṣe lóye rẹ̀ ni pé obìnrin àkọ́kọ́ ló ń jẹ gbogbo ìyà náà. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo obìnrin lórí àga. Ọmọbìnrin tó wà nílé ń wò ó, ó ń rí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí i. Ìgbà tí obìnrin kejì bá tún jókòó sórí àga yẹn, tí ilé kò wó, tí wọ́n ṣì ń pọnmi ní kànga, ni ọmọ náà máa tó gbà pé àṣìṣe níwájú àwọn èèyàn kò pa èèyàn.

Obìnrin kan, Vigdís Finnbogadóttir, di ààrẹ orílẹ̀-èdè Iceland lọ́dún 1980, lẹ́yìn tó borí ọkùnrin mẹ́ta nínú ìdìbò. Kò kúrò níbẹ̀ títí di 1996. Ọmọ tí wọ́n bí ní Iceland lọ́dún tó gorí àga ti di ọ̀dọ́ ọdún 16 kó tó rí ọkùnrin ní ipò ààrẹ. Bí mo bá rántí èyí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n mọ ohun tí irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ rò nígbà tí wọ́n bá bi í ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí ló fẹ́ dà.

Ọmọbìnrin tí kò dìde

Ìtàn kan tún wà tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn, nítorí pé ó kan àwa tí a ń pe ara wa ní olùdámọ̀ràn ọ̀dọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1955, ní ìlú Montgomery ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ọmọbìnrin aláwọ̀dúdú kan dìde lórí àga nínú bọ́ọ̀sì kí òyìnbó lè jókòó. Claudette Colvin ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni. Kò dìde. Àwọn ọlọ́pàá wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé pé ńṣe ló dà bíi pé ọwọ́ Harriet Tubman wà ní èjìká òun kan, ọwọ́ Sojourner Truth wà ní èkejì, tí àwọn méjèèjì ń tẹ òun mọ́ àga. Ilé ẹ̀kọ́ ló ti kọ́ nípa àwọn obìnrin méjèèjì yìí, àwọn aláwọ̀dúdú tó bá òwò ẹrú jà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí i. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Rosa Parks, ẹni ọdún 42, ṣe irú ohun kan náà, tí gbogbo ayé sì mọ orúkọ rẹ̀. Rosa Parks tọ́ sí gbogbo ọlá tó gbà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi dín in kù. Òun fúnra rẹ̀ ni olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí Claudette wà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú ìjàkadì fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀dúdú ti wo Claudette, wọ́n ní ọmọdé ni, wọn kò gbà pé òun ló yẹ kó dúró níwájú. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù lọ́dún 1956, obìnrin mẹ́rin ló pẹjọ́. Méjì nínú wọn kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, Claudette sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó dúró níwájú àwọn adájọ́, ó jẹ́rìí. Ẹjọ́ yẹn ló fòpin sí òfin ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Montgomery. Ọdún púpọ̀ kọjá kí àwọn èèyàn tó máa dárúkọ rẹ̀.

Mi ò sọ pé ìpinnu àwọn àgbà yẹn kò ní ìdí. Ìjà tó le ni wọ́n ń jà, wọ́n sì mọ ohun tí ọ̀tá lè fi ọmọdé ṣe. Ṣùgbọ́n mo dá ojú yẹn mọ̀. Ojú tí mo fi wo ọmọbìnrin tèmi lọ́jọ́ tí mo ní "Ó dáa" ni. Ó ń ṣe iṣẹ́ olórí, èmi sì ń wá ẹlòmíràn tí mo lè fi orúkọ náà fún. Wọ́n ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Bí kò bá mọ̀, ẹni tó yí i ká ló yẹ kó sọ fún un.

Ẹni tí wọ́n bi

Ní ọdún 1995, nínú ọgọ́rùn-ún aṣòfin lágbàáyé, nǹkan bí 11 ni obìnrin. Lọ́dún 2025, wọ́n tó 27. A ti rìn, ọ̀nà sì tún jìn. Jennifer Lawless àti Richard Fox, tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí òṣèlú Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lẹ́nu wò lórí bóyá wọ́n ti rò ó rí láti dupò. Lára ohun tí wọ́n rí lọ́dún 2013 ni pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni àwọn òbí, olùkọ́ àti àwọn mìíràn máa ń sọ fún jù pé, "Ìwọ yìí, o ò ṣe dupò?" Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọbìnrin, ó máa ń wọ òun náà létí bó ṣe ń wọ ọkùnrin létí.

Ìdajì wákàtí tí mo fún ọmọkùnrin yẹn ni mo ń rò nígbà tí mo kà á.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ mọ́ lórí fọ́tò. Láti ọdún 2012 ni àgbáyé ti ń sàmì ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n máa ń fi ọmọbìnrin jókòó sí ipò àwọn aláṣẹ fún ọjọ́ kan. Lọ́dún 2020, ọmọ ọdún 16 kan jókòó sí ipò olóòtú ìjọba Finland. Ó dára. Ó lè jẹ́ ọwọ́ tó wúwo ní èjìká ọmọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó fún ọjọ́ kan kò ní ìpinnu tí yóò jẹ̀bi rẹ̀ lọ́la. Mo fẹ́ kí ọmọbìnrin rí àga tí yóò tún bá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí pàápàá kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Wọ́n ń rí èébú tí wọ́n ń dà lé obìnrin tó bá wà níwájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń rò ó pé ṣé ọmọ tàwọn náà ni. N kò ní ìdáhùn tó lè pa ìbẹ̀rù yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tó ti kọ́ láàárín ogún èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀ pé òun lè ṣì í, kí òun tún un ṣe, yóò ní nǹkan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá bọ́ sáàárín àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó yà á lẹ́nu. Mo wá ní, "Wò ó, kí a sọ ọ́ di òfin pé kí ipò alága máa yí po ní oṣù méjì méjì. Ṣé wàá gba oṣù méjì àkọ́kọ́?"

Ó ní, "Tí mo bá ṣì í ńkọ́, mà?"

Mo ní, "Wàá ṣì jẹ́ alága lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbà. Òun náà ló kọ àtúnṣe òfin náà, ẹgbẹ́ sì dìbò fún un. A lo ọ̀sẹ̀ kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ ipò náà: iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu, bí a ṣe ń gba àbá wọlé, ẹni tó ń kín in lẹ́yìn, bí a ṣe ń ka ìbò, bí a ṣe ń fún ẹni tí a kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ láyè ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ni, bí iṣẹ́ yòókù. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí i mọ́.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó ló délẹ̀. Ọmọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ̀, ohùn àwọn yòókù gbà á, ó sì di ariwo. Alága wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ọwọ́ mi ti gbéra láti tẹ tábìlì, mo bá fi àwọn ọwọ́ ọ̀hún sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé wọn. N kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé orí sókè. "Ẹ dákẹ́ ná. Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ ni màá gbọ́ tiẹ̀." Kò pariwo. Wọ́n dákẹ́.

Nígbà tó tó àsìkò láti dìbò, ó ka ọwọ́, ó kéde pé àbá náà ti wọlé. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ní, "Alága, ẹ ò ka àwa tó wà nítòsí ilẹ̀kùn." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ le. Ó wò mí. Mo wò ó padà, n kò yí ojú mi padà, n kò rẹ́rìn-ín, n kò káàánú rẹ̀.

Ó ní, "Òótọ́ ni. Mo ṣì í kà. Ẹ tún nawọ́ sókè." Ó dìde lórí àga, ó rìn dé ìdí ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbò méjì ni àbá náà fi ṣubú. Ó kéde rẹ̀, ó sì kọjá sórí ohun tó kàn.

Lẹ́yìn ìpàdé, akọ̀wé tuntun gbé ìwé rẹ̀ wá bá a. Ọmọkùnrin tó nawọ́ lọ́jọ́sí ni, òun náà ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Alága ṣi ìbò kà. Ó tún un kà." Ó béèrè bóyá kí òun pa ibẹ̀ rẹ́.

Alága gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.